Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ba páànù yín jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gá wẹ́dà kan kọ sí yín láti Ìkẹ́rẹ́, pé òun kò ní gba àwòrán kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ kankan mọ́, nítorí irọ́ ló ń pa, àti pé gbogbo páànù tí òun gé tẹ̀lé e ló ṣòfò. Inú ń bí bàbá náà, mi ò sì bá a jà sí i. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta ṣíìtì irin kan báyìí kò ní rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tó dá lẹ́bi kọ́ ló jẹ̀bi.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya àwòrán fún àwọn wẹ́dà ní Ajílosùn, ní Adó-Èkìtì níbí. Ìyá Àwòrán ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn tó jù mí lọ. Ilẹ̀kùn irin, àpótí bátìrì sólà, họ́pà (ẹnu gbàǹgbà tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí) ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, orí láptọ́ọ̀pù mi ni wọ́n ti ń kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gé irin.

Kí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin lè bá wa lọ: bí a bá ya àpótí kan tán, a máa ń ní kí kọ̀ǹpútà tú u palẹ̀, kó fi hàn wá bí páànù rẹ̀ ṣe máa rí ní pẹrẹsẹ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Flat pattern lorúkọ rẹ̀. Òun ni wẹ́dà máa gé. Bí páànù bá rí bíi bébà ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí ẹ bá tẹ̀ máa ń fà ní ẹ̀yìn igun, ó sì máa ń sún kì ní inú. Ìlà kan wà láàárín tí kì í fà, tí kì í sì í sún. Ibi tí ìlà yẹn wà nínú ìnípọn páànù ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní K-factor ń sọ. Tó bá wà ní agbedeméjì gan-an, 0.5 ni. Irin tiwa tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ sábà máa ń wà láàárín 0.33 sí 0.45, torí ìlà náà máa ń sún sí apá inú díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò rí páànù yín rí. Kò mọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ bá fún un ló máa lò, bí ẹ ò bá sì fún un ní nǹkan kan, èyí tó bá inú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ló máa mú: nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, 0.5 ni ti SolidWorks, 0.44 ni ti Inventor. Ẹ mú páànù tó nípọn ní mìlímítà 2, kí radius inú igun rẹ̀ (bí ìtẹ̀ náà ṣe rí rọ́bọ́tọ́ tó) náà jẹ́ 2, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 90°. Bí K bá jẹ́ 0.5, irin tó máa lọ sínú igun yẹn jẹ́ mìlímítà 4.71. Bí K bá jẹ́ 0.4, ó di 4.40. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì mìlímítà, ṣùgbọ́n ní igun kan péré nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan láti Ìfàkì gbé àpótí bátìrì wá bá mi. Ó ti tẹ ara àpótí náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti gé ìdí rẹ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀ àpótí, lọ́tọ̀, ìdí ọ̀hún kò sì wọlé. Ó ti fi ẹ̀rọ rẹ́ etí rẹ̀ kan, irin náà ń dán yinrin níbẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, àwòrán ló fi ìdí rẹ̀ tóbi jù." Mo gbé kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n wa, lé ìdí náà ní etí tí kò tíì rẹ́: ó pé géérégé bó ṣe wà nínú àwòrán. Mo gbé kálípà náà lé ara àpótí: ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì mìlímítà kéré. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Páànù lásán ni ìdí, kò ní ìtẹ̀ kankan, ó sì pé. Ara àpótí ní ìtẹ̀, òun ló kéré. Kò sí bí àṣìṣe náà ṣe máa wà níbòmíràn ju inú ìṣirò ìtẹ̀ lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní FreeCAD ló fi ya á, torí ọ̀fẹ́ ni, èmi náà sì ń lò ó. Ẹnìkan ti sọ fún un pé 0.44 ni kó kọ. Nọ́ńbà náà kò burú, ṣùgbọ́n níbi tí FreeCAD ti ń tú páànù palẹ̀, ó máa ń béèrè bóyá ANSI ni tàbí DIN, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà K náà, ó sì ti fi í sílẹ̀ sí DIN. Nọ́ńbà DIN jẹ́ ìlọ́po méjì ti ANSI, torí náà 0.44 tó kọ di 0.22 lójú ẹ̀rọ náà. Páànù tirẹ̀ náà jẹ́ 2, radius inú rẹ̀ 2, torí náà irin tó yẹ kó jẹ́ 4.40 ní igun kan di 3.83. Ohun tó ń rẹ́ ìdí àpótí fún nìyẹn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé 4.40 ló yẹ? A ò ka ìwé kankan. A gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara ṣíìtì kan náà, mìlímítà 100 ni gígùn rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ láàárín ní 90° lórí ẹ̀rọ tó fi tẹ àpótí. A wá wọn apá méjèèjì láti ẹ̀yìn: 51.8 níhìn-ín, 51.8 lọ́hùn-ún, àpapọ̀ 103.6. Ìyẹn ni pé igun kan ní 3.6 tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ìwọ̀n ẹ̀yìn kí a tó gé. Láti ẹ̀yìn, ìnípọn 2 àti radius 2 ní apá méjèèjì igun náà jẹ́ 8; ẹ yọ 3.6 kúrò, ó ku 4.40. Tí ẹ bá fẹ́ igun tí apá rẹ̀ kan jẹ́ 100, tí èkejì jẹ́ 50, 146.4 ni kí ẹ gé, kì í ṣe 150. Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní 3.6 yẹn tààrà bó bá gbà á. Bí K ló bá fẹ́, 0.40 ló bọ́ sí lórí páànù àti ẹ̀rọ yẹn. Lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Ọjà tún ń dá kún un. Wọ́n lè pe páànù ní 2 kí ó jẹ́ 1.8, àpótí náà á sì yí padà bí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán. Gauge ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ìnípọn irin: Gauge 16 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1.52, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1.63, orúkọ kan náà ni ẹni tó ń tà á máa pè méjèèjì fún yín. Ẹ mú kálípà dání lọ ra irin, ẹ má tijú.

Ìgbà mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tú páànù palẹ̀. Àwọn ọmọ á máa tẹ bọ́tìnnì títí. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá ìnípọn dọ́gba níbi gbogbo, bóyá igun inú kan mú ṣóńṣó láìní radius, bóyá wọ́n pa gbogbo igun àpótí dé láìfi àlàfo sílẹ̀ níbi tí etí méjì ti pàdé. Àpótí tí kò ní ibi tó là kò ṣeé tẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún bá mi kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi fáìlì DXF (fáìlì àwòrán tí ẹ̀rọ ìgérin ń kà) ránṣẹ́ sí onípílásímà, ẹni tó ń fi iná gé irin: kí ìlà ìtẹ̀ wà lọ́tọ̀, kí ìlà gígé wà lọ́tọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á gé ibi tó yẹ kí ẹ tẹ̀. Kí wọ́n sì sọ bóyá mìlímítà ni tàbí íǹṣì. Mo ti rí irin tó yẹ kó jẹ́ 254 tó jáde ní 10.

Kí bàbá Ìkẹ́rẹ́ má bínú sí mi, ìwọ̀n ọwọ́ tí wọ́n ń yìn náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ wo họ́pà ẹ̀gẹ́ tí ẹnu òkè rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹnu ìsàlẹ̀ jẹ́ 200, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 400. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ máa ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 400, wọ́n á ní gíga tí wọ́n ní kí àwọn ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ tó dagun gbọ́dọ̀ jẹ́ 447. Èyí tí wọ́n gé ní 400, tí wọ́n bá jó o pọ̀ tán, kò ní ga ju 346 lọ, oníbàárà á wá máa ṣe kàyéfì pé ẹ̀gẹ́ ń dà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ méjì láti ara ṣíìtì kan, ìtẹ̀ náà kì í ṣe 90°, bíi 78.5° ni, tí a bá kà á láti ìgbà tí páànù wà ní pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá gbé síkuẹ́à (irin tí a fi ń wo 90°) sí igun yẹn, tó ń lù ú títí ó fi bá síkuẹ́à mu, ti tẹ̀ ẹ́ jù. Kọ̀ǹpútà máa ń sọ èyí láìsí ariwo, bí ẹni tó ń lò ó bá béèrè.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà níbi gbogbo ní Èkìtì kò le. Gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀páànù bá wà, kí wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìnípọn páànù, radius inú, iye tí a ń yọ fún igun kan. Kí ọmọ tó bá gbé láptọ́ọ̀pù dé kọ́kọ́ ka bébà yẹn kó tó ya ohunkóhun. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ẹ bá lè fún wa ní igun kékeré lójú ìwé iṣẹ́ ọwọ́ yín, n ó kọ ìwọ̀n àwọn páànù tó wọ́pọ̀ níbí ránṣẹ́.

Bí ọ̀gá tó kọ lẹ́tà náà bá sì ń bọ̀ ní Adó, kí wọ́n mú ègé páànù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ dání, kí wọ́n ti tẹ ọ̀kan lára rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiwọn kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n sì kọ gígùn tó ní kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. N ó bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àwòrán,
Ajílosùn, Adó-Èkìtì