Ìwé oúnjẹ tí o ní kí n bá ọ wá

Adéwọlé, Ìlọrin
Ọjọ́ Ẹtì

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó, o kú ìtọ́jú ọkọ wa. Ọlọ́run yóò fún wọn lálàáfíà. Gbogbo wa wà dáadáa níbí, ooru nìkan ló ń bá wa jà.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́. Èsì tí mo ní pọ̀ ju ohun tí ènìyàn ń sọ sínú fóònù lọ, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí o bá dúró níwájú pẹpẹ ìwé ní Toronto níbẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ṣúgà náà sì ti fẹ́ máa yọjú, kí ẹ tún oúnjẹ ilé tò. Ìwọ wá ní kí n bá ọ wá ìwé oúnjẹ gidi ní Ìlọrin, nítorí oúnjẹ òyìnbó ló kún inú àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín.

Kí n má tàn ọ́, èyí tó wà níbí kò tó nǹkan. Mo rìn láti Post Office dé Taiwo. Ìwé JAMB, ìwé ẹ̀sìn àti ìwé bí ènìyàn ṣe ń di olówó kíákíá ló kún ilẹ̀. Bí o bá béèrè ìwé oúnjẹ, ẹni tó ń tà á á wò ọ́ títí, á wá fa ìwé Home Economics ti ilé ẹ̀kọ́ girama yọ. Má fojú di ìyẹn ṣá. Òun ló máa sọ ohun tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára fún ọ, òun ló máa sọ ìdí tó fi yẹ kí a fọ ẹ̀fọ́ kí a tó gé e, torí pé fítámì C máa ń bá omi lọ, àti ìdí tí ata àti tòmátì fi ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, tó wà nínú ẹ̀fọ́. Àwọn ìwé aláwòrán tó ń dán gbinrin kì í ní sùúrù fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Ìwé kan tiẹ̀ wà nínú àwọn àlòkù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mo ṣí i. Ojú ewé tí wọ́n kọ ẹ̀fọ́ rírò sí nìkan ni epo ta sí, a jẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń sè é lóòótọ́. Ó ti fi pẹ́ńsù fagi lé ibi tí wọ́n kọ ife epo kan sí, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ṣíbí ńlá 3 ti tó. Nítorí ìlà pẹ́ńsù yẹn ni mo ṣe rà á.

Jẹ́ ká jọ ṣírò epo yẹn. Ife tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú ìwé Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi mílílítà 240, ìyẹn ṣíbí ńlá 16. Kálórì inú ṣíbí ńlá epo kan á tó nǹkan bíi 120, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró, ìbáà ṣe òróró ólífì tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ kiri. Bí ènìyàn mẹ́rin bá pín ìkòkò náà jẹ, ṣíbí mẹ́rin-mẹ́rin ló kàn wọ́n: kálórì 480 kí òkèlè tó dé ọ̀rọ̀. Epo pupa tún wá nìyí, bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ló jẹ́ irú èyí tí àwọn dókítà ní kí a dín kù nítorí ọkàn. N kò ní kí o má fi epo se ẹ̀fọ́ o. Ẹ̀fọ́ tí kò rí epo sójú rárá, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n ìwé tó bá kọ "epo bó bá ṣe wù ọ́," dá a padà sórí pẹpẹ.

Nítorí náà, má wo àwòrán iwájú, má sì wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gàdàgbà pé oúnjẹ aṣaralóore ló wà nínú rẹ̀. Ṣí ìwé sí oúnjẹ kan tí o mọ̀ sè dójú àmì, ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ ata. Wo epo, wo iyọ̀, wo iye ènìyàn tí wọ́n ní ìkòkò náà yóò bọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kí ó má tó ṣíbí tíì kan, búrẹ́dì àárọ̀ àti ohun gbogbo ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ìwé bá wá ní kí o bu ṣíbí tíì iyọ̀ méjì sí ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́rin, kí o tún fọ́ magí mẹ́ta lé e, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ ọjọ́ kan tán nínú oúnjẹ kan ṣoṣo. Yẹ ẹ̀yìn páálí magí wò nígbà tí o bá ráyè. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú èròjà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, iyọ̀ ló sì sábà máa ń ṣíwájú.

Ọ̀rọ̀ irú ni mo fi ń dá ẹni tó mọ oúnjẹ wa mọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá kàn kọ irú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan olóòórùn tí ènìyàn lè yọ kúrò, kò ì bá wa dáná rí. Irú ló ń jẹ́ kí o lè dín iyọ̀ kù láìjẹ́ pé ọkọ rẹ mọ̀. Ìyá kan wà ní ọjà Ìpàta, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn á bu irú pẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́, wọn á ní kí n tọ́ ọ wò kí n tó sanwó, nítorí òmíràn wà tó ti ní iyọ̀ nínú dáadáa. Bí ó bá ti ní iyọ̀, n kì í fi iyọ̀ mìíràn sí ọbẹ̀ mọ́. Ìwé tó bá kọ́ ènìyàn ní irú ọgbọ́n yìí, kí ó tó kan iyọ̀ ó ti sọ̀rọ̀ irú, edé gbígbẹ, àlùbọ́sà tí a yan díẹ̀ àti ata tó ta sánsán, ìyẹn ni kí o fi owó rà.

Àwọn ìwé kan tún wà tó ní kí o kó èlùbọ́ dànù, kí o máa fi quinoa, irú ọkà òkèèrè kan, bọ́ ọkọ. Ọmọ Òmù-Àrán! Wọn á jẹ ẹ́ lónìí nítorí ìfẹ́, wọn á sì yà síbi tí wọ́n ti ń ta àmàlà lọ́la. Èyí tó wúlò ni ìwé tó gba òkèlè gẹ́gẹ́ bí òkèlè, tó wá sọ bí yóò ṣe tóbi tó nínú àwo, tó sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà gba ibi tó kù. Ọ̀ọ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, èkuru wà níbẹ̀, ẹ̀wà ni méjèèjì, wọn kò sì nílò kí a rì wọ́n sínú òróró bí àkàrà. Ìwé tí a kọ nípa wa tí kò ní ju ohun díndín lọ, kò sí ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọ tí àwọn onídòdò etí ọ̀nà kò lè kọ́ ọ.

Ìdíwọ̀n tún ń da ènìyàn láàmú. Ife Amẹ́ríkà jẹ́ 240, ti Kánádà lọ́dọ̀ yín 250. Páìntì inú ìwé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílílítà 568, ti Amẹ́ríkà kò ju 473 lọ. Nínú ọbẹ̀, kò burú, nínú búrẹ́dì, wàhálà ni. Èyí tó burú jù ni "ìdì ẹ̀fọ́ kan." Ìdì ti Ìpàta ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ìdì ti Ìpàta lásìkò òjò kì í ṣe ẹgbẹ́, ká má tíì sọ ti inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ìwé tó ń fi gíráàmù wọn ẹ̀fọ́ ni kí o mú, kí o sì ra òṣùwọ̀n kékeré kan sí ilé ìdáná.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí o ní o kò rí, lọ béèrè callaloo lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà. Mọ̀lẹ́bí tẹ̀tẹ̀ ni. Spinach máa ń sọ omi púpọ̀, fún omi rẹ̀ dànù dáadáa kí o tó dà á sínú ata. Ní ti wàrà, mo mọ̀ pé o máa sunkún tí mo bá sọ fún ọ pé mo se é sínú ọbẹ̀ lánàá. Bí ìwé bá ní kí o fi halloumi, irú wàrà òkèèrè kan, rọ́pò rẹ̀, ṣọ́ra, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Paneer àwọn ará Íńdíà ló sún mọ́ tiwa jù: kì í yọ́ nínú iná, wọn kì í sì í sábà fi iyọ̀ sí i. Ewé bọ̀mùbọ̀mù tí àwọn Fúlàní wa fi ń mú wàrà dì nìkan ni kò ní bá a wá.

O ní kí n dárúkọ ìwé. Yewande Komolafe, tó dàgbà ní Èkó, ṣe My Everyday Lagos jáde ní 2023. Ozoz Sokoh, Kánádà níbẹ̀ ló ń gbé, ṣe Chop Chop ní 2025, oúnjẹ káàkiri Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwé aláìsàn nínú méjèèjì, tìrẹ ni láti mú pẹ́ńsù dání. Má rà wọ́n kí o tó yá wọn wò ní láíbúrárì. Bí o bá fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, The Kudeti Book of Yoruba Cookery ti wà láti 1934, J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ló kọ ọ́. Bí o bá rí i níbikíbi, pè mí kí o tó sanwó, nítorí èmi gan-an ń wá a.

Fún ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an, wá ohun tó jẹ mọ́ DASH. Ètò oúnjẹ kan ni, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997: ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ẹja. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ní ìwé kékeré ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ nínú tiwọn náà, kò ní ṣàjèjì sí ọ. Bí o bá sì rí i tí ìwé kan kọ iye kálórì tí kò bá ọ lórí mu, tábìlì èròjà oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Gaàrí, ẹ̀wà àti tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o bi dókítà: ọ̀pọ̀ ìwé oníyọ̀-díẹ̀ ń gbani níyànjú pé kí a ra iyọ̀ tí wọ́n fi potassium ṣe. Kò bá gbogbo ènìyàn lára mu, pàápàá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára tàbí tó ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Kí wọ́n wo oògùn ọkọ wa kí o tó rà á. Má sì náwó sí àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kọ, tí kò sí ẹni tó dáná ohun tó wà nínú wọn rí.

Ẹnì kan ní àdúgbò wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ti di ìwé Home Economics, ìwé onípẹ́ńsù yẹn, èlùbọ́ àti irú gbígbẹ sínú páálí kan. Àyè díẹ̀ ṣì kù. Ṣé kí n fi ata gígún kún un, tàbí ẹ ní i? Tètè dá mi lóhùn o, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kúrò ní Ìlọrin.

Bá mi kí ọkọ wa àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àmọ̀kẹ́