Má Tíì Fi Ẹgbẹ́ Agunkè Yín Sílẹ̀

Àkúrẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibi tí o ti ní o fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agunkè yín ní Sheffield nítorí èébú orí fóònù, ó sì dùn mí. Ṣebí ìwọ lo sọ ìtàn Kinder Scout, òkè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, fún mi, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gun òkè yẹn ní 1932 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí márùn-ún nínú wọn sì ṣẹ̀wọ̀n. Òkè tí wọ́n torí ẹ̀ jìyà kí tolórí tẹlẹ́mù lè máa rìn níbẹ̀, kò yẹ kí ẹnu burúkú gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí níbí.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde tó kọjá ń sún mọ́lé, obìnrin kan béèrè lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé bàtà wo ló dára fún àtẹ̀gùn Ìdànrè lẹ́yìn òjò. O mọ àtẹ̀gùn náà, ó lé ní 600, bí òjò bá sì ti kan àpáta yẹn, ńṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìbéèrè gidi ni. Ọmọkùnrin kan fèsì pé, "Ṣé o ò gun òkè rí ni? Jókòó sílé rẹ." Ẹ̀rín sọ ní kẹ̀kẹ̀. Èmi tí mò ń bójú tó wọn rí i, mo ní á tán fúnra rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin náà ti jáde.

Mo pè é. Àgbàlagbà ló dá mi lóhùn! Ẹni ọdún 68 ni. Orí òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, kí ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ààfin àtijọ́ kí orúnkún tó kọ̀ fún un. Ẹ̀rín wọn ò dùn ún tó "o" yẹn. "Ọmọ tí mo bí ẹni tó bí i ló ń pè mí ní ‘o’."

Ọmọ náà ò kúkú mọ̀. Àwòrán òdòdó ni màmá fi sí fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lórí òkè, wàá rí ewú, wàá gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń mí hẹlẹ, "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú" á sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ kí o tó mọ̀. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ lásán lo rí.

Mo wá ṣe òfin kan ṣoṣo: "ẹ" là ń pe ara wa níbẹ̀, tọmọdé tàgbà, títí a ó fi fojú kojú. Àwọn kan ní àṣejù ni. N kò gbà. Ẹnu tó bá ti sọ "ẹ jọ̀ọ́" kì í sábà rí èébú fi tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ", ṣùgbọ́n o lè kọ́kọ́ kí èèyàn kí o tó dá a lóhùn, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, pè é kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín.

Ọmọkùnrin náà pe màmá, ó bẹ̀ ẹ́, màmá sì padà wá. Lọ́jọ́ tí a lọ, òun ló gbé báàgì màmá, ẹ̀yìn wọn ló sì ń rìn láti ìsàlẹ̀ dókè. Nígbà tí a dé ààfin, màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà ṣí fìlà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún béèrè bàtà. Kí n tó mú fóònù, màmá ti fèsì: "Ẹ káàbọ̀. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín dáadáa ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì. Ẹ mú omi dání."

Jọ̀ọ́, fún wọn ní oṣù kan sí i. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.