Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: nítorí ewé yín tí a ń kó àti ajílẹ̀ tí a ń tà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá wa gbogbo ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, àwa tí a ń tọ́jú ọgbà yín kí yín o. Ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n ọjà yìí.

A mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín kò dùn sí wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lẹ́yìn wa dé etí wa: pé a máa ń gba owó kí a tó kó ewé kúrò nínú ọgbà ẹni, a ó tún wá di ewé yẹn kan náà sínú àpò, a ó sì tà á padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. A ń gbowó kíkó, a sì ń ta ajílẹ̀ tí a fi ewé náà ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì kò sí lójú yín, òun ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkó. Kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Epo yìí ni ẹ̀rọ ìgékoríko ń mu, òun ni ẹ̀rọ tó ń gé ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ń mu, òun náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi ń mu. Onítípà ní tirẹ̀ kì í wò ó bóyá ẹrù wúwo tàbí ó fúyẹ́, iye ìrìn ló ń gbowó lé. Ẹ̀ka máńgòrò tí a kò gé kékeré lè gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, kó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lẹ sanwó fún. Ìdí tí a fi ń gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ nínú ọgbà yín nìyẹn: ohun tí ì bá gba ìrìn mẹ́rin lè wọ ìrìn kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí ariwo ẹ̀rọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ariwo yẹn ló ń dín owó yín kù.

Epo kọ́ ló dùn wá jù, imí adìyẹ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, àwọn tó ń sin adìyẹ ló ń bẹ wá pé ká wá kó o, nítorí òórùn àti eṣinṣin. Àpò wa la máa ń gbé lọ, ọmọ iṣẹ́ wa ló máa ń fi ṣọ́bìrì họ ilẹ̀ ilé adìyẹ títí yóò fi mọ́ tóní, kò sì sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀. Nígbà tí fatiláísà wọ́n, tí onígbàdo àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ sáré sídìí imí adìyẹ, àwọn tó ń sin adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lápò lápò fún wa. Owó ni a ó kọ́kọ́ san kí wọ́n tó ṣí géètì. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ń họ ọ́ mọ́ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún adìyẹ. Ẹ ó ra àpò kan, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ìyẹ̀fun pákó, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an tún nílò imí adìyẹ kó tó lè jẹrà. Àwa tí a ń gbá ilé wọn mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni o.

Ẹ lè béèrè pé ṣé dandan ni imí adìyẹ. Dandan ni. Ewé gbígbẹ ní èròjà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀, ṣùgbọ́n náítírójìn, èròjà tó ń mú kó jẹrà, kò tó nǹkan nínú rẹ̀; inú imí adìyẹ ni náítírójìn pọ̀ sí. Kí òkìtì ewé tó lè jẹrà dáadáa, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ní láti wà láàárín ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Ewé máńgòrò, ewé tíìkì àti ewé fúrúùtù nìkan lè jókòó fún ọdún kan láìyí padà. Koríko tútù nìkan náà kò ṣe é kó jọ: yóò lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, yóò sì máa rùn bí omi ẹ̀gẹ́.

Báyìí ni a ṣe ń pò ó: bárò ewé gbígbẹ mẹ́ta, bárò koríko tútù kan, àti imí adìyẹ tó tó ìdajì bárò. Òkìtì náà kò gbọdọ̀ kéré sí mítà kan ní gíga àti ní fífẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbóná. A ó wọ́n omi sí i títí yóò fi jẹ́ pé bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, omi á kán ẹyọ kan tàbí méjì. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ooru inú rẹ̀ yẹ kó dé ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru lè ki irin bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá fà á yọ tí kò lè dì í mú pẹ́, òkìtì ń ṣiṣẹ́. Ooru yìí ló ń pa irúgbìn koríko. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í gbóná bí àárín, nítorí náà a ní láti fi fọ́ọ̀kì yí i padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí tòde bọ́ sínú. Ẹni tó bá ra ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú níbòmíràn tí koríko wá kún oko ẹ̀fọ́ rẹ̀, ẹni tó tà á fún un kò yí òkìtì nìyẹn.

Lásìkò òjò, a ó fi tapólì bò ó kí omi má baà fọ agbára rẹ̀ lọ. Lásìkò ọyẹ́, omi la ó máa fà sí i. Ó kéré tán, oṣù méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àpò ewé mẹ́wàá kì í di àpò ajílẹ̀ márùn-ún, nítorí jíjẹrà ló ń sọ ọ́ di kékeré. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ wà lọ́wọ́ yín. A ń bá páńpásì, ìgò fífọ́, òkú bátìrì àti náílọ̀nù pure water nínú ewé. Ìgò ń ya ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Náílọ̀nù kò ní jẹrà títí láé, ọwọ́ la fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ tí ẹ dà sórí ewé ti ba gbogbo òkìtì jẹ́. Bí ẹ bá fín oògùn apakoríko sí ọgbà yín, ẹ sọ fún wa, torí pé àwọn kan nínú oògùn yẹn kì í kú sínú òkìtì. Ẹ̀wà la fi ń dán an wò: a ó gbìn ín sínú ajílẹ̀ tí a pò mọ́ erùpẹ̀; bí ewé rẹ̀ bá ká kò, a kò ní ta ajílẹ̀ náà fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ewé nínú àpò ọ̀tọ̀, ìdọ̀tí ilé nínú àpò ọ̀tọ̀. Àpò tó bá dàpọ̀ yóò ní owó ṣíṣà lórí. Iye tuntun wà nínú ìwé owó tí a fún olúkúlùkù, torí ọgbà kò dọ́gba. Ẹni tó bá dá náílọ̀nù dúdú tí a fi gbé òdòdó wá padà, a ó dín owó rẹ̀ kù.

Àwọn tí kò fẹ́ san owó kíkó rárá, ọ̀nà wà. A lè gé koríko yín ká sì fi èyí tí a gé sílẹ̀ lórí rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ la gé; yóò jẹrà padà sínú ilẹ̀. Ẹ̀ka tí a gé wẹ́wẹ́ la ó tẹ́ yí ìdí igi ká kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Kò gbọdọ̀ kan ara igi, kí ìdí igi má baà rà, kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí ògiri ilé nítorí ikán. A mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbá mọ́ féfé niyì ilé ní Ìjẹ̀bú, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ pupa tó ń dán, yóò san owó ọkọ̀. Sísun kò sí níbẹ̀: èéfín á lé àwọn aládùúgbò yín, náítírójìn á bá iná lọ, eérú díẹ̀ ni yóò kù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, tí ó jẹ́ mẹ́gáàdì nìkan ló wà nílé yín ní Mọ́lípa àti Ìgbèbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mẹ́gáàdì yín sọ̀rọ̀ nípa àpò méjèèjì, kò gbọ́ tiwa. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọgbà wà ní mímọ́ kó tó di Ojúde Ọba, ẹ pè wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá. Gbogbo ìlú ló ń wá típà lọ́sẹ̀ Iléyá gan-an, iye tí àwọn onítípà bá sì pè fún wa nígbà náà ni a ó gbé síwájú yín.

Àwa tí a ń tọ́jú ọgbà yín,
Ìjẹ̀bú-Òde.