Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ni nursing informatics

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹ sọ̀rọ̀ lójú ewé ìlera yín nípa nursing informatics, ìyẹn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní nọ́ọ̀sì tí wọ́ọ̀dù ti sú ló ń sá lọ sídìí rẹ̀, ìyẹn kò wọ̀ mí létí rárá.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìdí ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni mo sì ti ń jẹun báyìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ báákóòdù, àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà. Kí nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn lóògùn, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ka báákóòdù tó wà lára báńdì ọwọ́ aláìsàn náà, kó sì ka ti oògùn, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé oògùn ẹni yìí ni lóòótọ́. Ní wọ́ọ̀dù kan, a rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì ti tẹ báákóòdù gbogbo aláìsàn jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Àwọn tó ṣe ètò náà fárí gá: ìwé ìkìlọ̀ ló yẹ wọ́n! Èmi lọ síbẹ̀ lóru. Wáyà ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Báńdì tí omi bá kàn, tó sì ti ká kò, ẹ̀rọ kì í kà á. Aláìsàn ń jẹ̀rora, kí ni kí nọ́ọ̀sì ṣe? A ra ẹ̀rọ tí kò ní wáyà, a pààrọ̀ báńdì, ìwé tó wà lórí tábìlì pòórá fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló tilẹ̀ mú èrò báákóòdù yìí wọ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ní Topeka, ní Amẹ́ríkà. Sue Kinnick lorúkọ rẹ̀. Ní 1992, ó rí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi mọ́tò yáni tó ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ ka mọ́tò tí wọ́n dá padà, ó sì rò ó pé oògùn náà ṣe é kà bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni American Nurses Association, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, gba nursing informatics gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka àkànṣe nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

N kò ní kí ẹ máa pọ́n ọn lé jù. Tí ètò bá dákú láàárín òru, fóònù tèmi ni wọ́n ń pè. Ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà sì lè pọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì á kàn máa tẹ̀ ẹ́ kọjá láìkà á. Kí a tó yọ ọ̀kan kúrò, a ó bá dókítà àti apoògùn jà títí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń béèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì lọ sanwó kíláàsì kankan. Tí wọ́n bá gbé ètò tuntun wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́ àwọn yòókù. Ẹ máa kọ ibi tó ti ń há wọn sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti ojú ewé kọ̀ǹpútà tó ti ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e fún àwọn tó ṣe ètò náà.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ìdí kọ̀ǹpútà