Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún 16, ní Ìkẹ́rẹ́

Àbẹ̀kẹ́,

Èmi náà ni ìwọ, tó ti dàgbà, nítorí náà mo mọ ibi tí lẹ́tà yìí máa bá ọ. Ìparí ọdún 2001 ni, lọ́sàn-án Sátidé. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé ọ bọ̀ láti Adó. O kò kí ẹnikẹ́ni, o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, o sì ti bátì rẹ bọ ìsàlẹ̀ àpótí Màámi, lábẹ́ aṣọ òfì. Ọkùnrin tó ń ṣa àwọn ọmọ tí yóò máa gbá tẹ́níìsì orí tábìlì ló sọ fún ọ pé o ti dàgbà jù, pé láti ọmọ ọdún 6 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ti ń bẹ̀rẹ̀. O sì gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí di òní nìyẹn, pé o gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tó jẹ́ pé orí pákó tí káfíńtà kàn pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lo ti kọ́ ọ, tí a to bíríkì sí àárín rẹ̀ dípò nẹ́ẹ̀tì! Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la fi ń gbá a fún odindi oṣù kan. Bó bá tẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí yóò fi wú padà. Níbẹ̀ lo ti mọ bí a ṣe ń fi bátì họ abẹ́ rẹ̀ kó lè máa yí, kí ọwọ́ ẹni tó wà lódì kejì sì dàrú.

Nígbà tí o kọ́ eré náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì 21 ló ń borí. Bí wọ́n bá fi 10 sí 4 ṣíwájú rẹ, ọkàn rẹ kì í mì, o ó máa lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di 11 káàkiri àgbáyé. Kí ara rẹ tó gbóná ní Adó, wọ́n ti na ọ́ tán. Ọjọ́ orí rẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Jókòó kí n sọ èyí tó kù. Lásìkò tí o ń ka ìwé yìí, Fúnkẹ́ Oshonaike, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì, ti lọ sí Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, Atlanta ní 1996 àti Sydney ní 2000. Yóò tún lọ sí Athens, sí Beijing, sí London. Ní Rio, òun ni yóò gbé àsíá Nàìjíríà ṣíwájú ikọ̀ wa. Ní 2021, nígbà tí wọ́n wá ṣe ti Tokyo tí àrùn kòrónà ti dá dúró, yóò tún wà níbẹ̀, abiyamọ ẹni ọdún 45, tó ń ti Jámánì wá. Ìgbà keje nìyẹn. Kò sí obìnrin agbátẹ́níìsì orí tábìlì tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú méjèèje. Mo ti ro èyí lóru títí. Ó mọ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe lágbára tó nínú eré yìí, síbẹ̀ ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ń lọ. Èmi kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó pàdánù.

Ní Rio kan náà, Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, na Timo Boll ará Jámánì, ó sì wọ àárín àwọn mẹ́jọ tó ṣẹ́kù nínú ìdíje, ibi tí ọkùnrin Áfíríkà kankan kò dé rí. Ma Long ará Ṣáínà, tó padà gba wúrà, ló dá a dúró. Bàbá, olùkọ́ tí kì í fẹ́ rí ohunkóhun tó bá ti lè gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ló pè mí láti Ìkẹ́rẹ́. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bátì rẹ dà?"

N kò lè dáhùn. Mo lọ ṣí àpótí náà lọ́sẹ̀ kejì. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ra òmíràn. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ gbá a ní Adó báyìí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 13, 11 sí 4 ló máa ń fi nà mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba 8.