Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí bátìrì lítíọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ nínú yín kò dùn sí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ wa ní Tákíé, pé a kò ní ta bátìrì lítíọ́ọ̀mù mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a kò bá tíì yẹ ṣájà ilé rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gbé iná sínú bátìrì, wò. Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n àtigbowó ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń ta bátìrì nílùú yìí, a kò sì jẹ owó ẹnikẹ́ni rí.

Ọwọ́ ẹni tí ń kó ọjà fún wa láti Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nígbà tí oníbàárà mẹ́ta dá bátìrì padà láàárín oṣù méjì, tí wọ́n ní ṣe ni ó ń kú lójijì lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn mú jù, a di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ èrò, a gbé e lọ bá a. Ó wò wá lójú, ó ní ṣájà ló bà á jẹ́, òun kò ní pààrọ̀ ẹyọ kan. Àpò wa ni owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde, ẹni tí ó sì mọ ohun tí ojú náírà ti rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 yóò mọ bí ó ti rí lára wa. Èyí tó dùn wá jù ni pé òótọ́ ni ó sọ nípa ṣájà: ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì là á yé wa nígbà tí ó ń kawó.

Ọ̀pọ̀ ṣájà tí wọ́n ṣe fún bátìrì olómi, ìyẹn èyí àtijọ́ tí ó ní omi ásíìdì nínú, a máa gbé iná kọjá volt 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè ru omi inú rẹ̀ pọ̀. Lítíọ́ọ̀mù volt 12 kò gbọdọ̀ ju 14.6 lọ, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ nínú yóò já iná fúnra rẹ̀. Nílé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, 15.3 ni mítà wa kà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró sórí olómi kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì iná inú rẹ̀ péré ni ó yẹ kí a máa lò kí ó tó lè pẹ́, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí olómi 200Ah (Ah ni òṣùwọ̀n bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) ń ṣe, lítíọ́ọ̀mù 100Ah fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán.

Ọmọ iṣẹ́ wa ni yóò wá ṣe àyẹ̀wò náà. Náírà 3,000 ni owó ọkọ̀ rẹ̀, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀; ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá kí tiyín náà tó bàjẹ́.

Àwa ni tiyín,
Onísọ̀ bátìrì, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́