Ẹ bá wa kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣe géèmù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Òǹkàwé yín ni mí láti Òṣogbo níbí, ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ géèmù bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn èdè wa, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọmọ sá ní sùkúù lọ gbá géèmù, ọmọ jí owó màmá ẹ̀ lọ gbá géèmù, ilé géèmù ti di ilé tẹ́tẹ́. Mi ò sọ pé ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ o, ó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo wa là ń rí i. Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá jáde ẹ máa ń sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gbówó ẹ̀ kalẹ̀, ẹni tó darí ẹ̀, tí olórin bá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ máa ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ewé kan gbáko, géèmù nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bíi pé ó já bọ́ látọ̀run, bíi pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣe é, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń mọ ìlú tèmi yìí káàkiri ayé.

Ẹ wọ ilé géèmù èyíkéyìí láti Ọláìyá títí dé Òkè-Baálẹ̀, kẹ́ ẹ bi ọmọ tó di páàdì mú pé ta ló ṣe bọ́ọ̀lù tó ń gbá yẹn. Á sọ fún yín bí ṣúùtì agbábọ́ọ̀lù Adriano ṣe le tó nínú géèmù bọ́ọ̀lù PES 6, á sọ fún yín pé Merseyside Red ni wọ́n ń pe Liverpool nínú ẹ̀, pé London FC ni Chelsea, ó mọ gbogbo ẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní Konami, kọ́ńpìnnì tó ṣe é ńkọ́, á ní orúkọ tó máa ń jáde tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan PlayStation ni. Ibi tó mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, mi ò sì dá a lẹ́bi, ta ló sọ fún un rí?

Konami yìí, wọn ò fi géèmù bẹ̀rẹ̀ rárá. Lọ́dún 1969 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kagemasa Kozuki dá a sílẹ̀ lágbègbè Osaka ní Japan, iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà yẹn ni kó máa fi ẹ̀rọ orin háyà, ẹ̀rọ ńlá téèyàn á ju owó ẹyọ sínú ẹ̀ kó tó kọrin, tó bá sì bàjẹ́ àwọn náà ló ń tún un ṣe. Rípíárà ni ká kúkú pè é. Nígbà tó máa di 1973 wọ́n ti di kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣeré, 1981 ni wọ́n ṣe Frogger, ìyẹn ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ sọdá títì láàárín mọ́tò tó tún ní láti máa fò látorí igi kan sí òmíì lórí omi kó tó délé, géèmù yẹn sì tàn kálé káko.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn ni ti òṣìṣẹ́ wọn kan, Kazuhisa Hashimoto. Wọ́n ní kó gbé géèmù oníbọn kan tí wọ́n ń pè ní Gradius kúrò lára ẹ̀rọ ńlá wá sórí èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ilé, 1986 ló jáde, àmọ́ géèmù ọ̀hún le débi pé òun tó ń ṣe é gan-an ò lè gbá a dópin láti fi yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò. Ló bá fi kódù kan pamọ́ sínú ẹ̀, téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ gbogbo ohun ìjà á pé sí i lọ́wọ́. Òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Wọn ò yọ ọ́ kúrò kí géèmù tó jáde, nígbà tó sì yá wọ́n tún fi kódù yẹn sínú Contra, géèmù oníbọn wọn míì, òun ló ń fúnni ní ẹ̀mí 30. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá géèmù alákásẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́sí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, àìmọye wa ni kì bá tí rí ìparí Contra láéláé tí kì í bá ṣe kódù yẹn. Ọdún 2020 ni Hashimoto kú, mi ò rí ìwé ìròyìn èdè wa kankan tó dárúkọ ẹ̀, ìyẹn sì dùn mí.

Ẹ tún gbọ́ ti Hideo Kojima, òṣìṣẹ́ Konami míì. 1987, wọ́n ní kó ṣe géèmù ogun sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ MSX2, àmọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ò lágbára, tí ọ̀tá àti ọta ìbọn bá ti pọ̀ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní lè gbé e. Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ò ṣeé ṣe ni. Kojima ní tí ọ̀tá ò bá lè pọ̀, á jẹ́ pé ká máa sá pamọ́ fún ìwọ̀nba tó wà nìyẹn, bí Metal Gear ṣe dáyé nìyẹn o, látinú àìtó nǹkan, gbogbo géèmù téèyàn ti ń yọ́ rìn lẹ́yìn sójà lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwa tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́, ṣé kò yẹ kí ìtàn báyìí dé etí àwọn ọmọ wa?

Ti bọ́ọ̀lù wá ńkọ́. 1995 ni Winning Eleven kọ́kọ́ jáde lórí PlayStation ní Japan, ẹ̀ka wọn tó wà ní Tokyo ló ṣe é, ẹ̀ka ti Osaka náà sì ń ṣe bọ́ọ̀lù tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀ka méjì nínú kọ́ńpìnnì kan wá ń bára wọn díje. Ti Tokyo ló borí. Shingo Takatsuka ló ṣáájú àwọn tó ń ṣe é, 2001 ni wọ́n sọ ọ́ ní Pro Evolution Soccer, ohun tó sì jẹ́ kó wọ̀ wá lára ni pé bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bíi ti àwọn tó kù, ó ń yí fúnra ẹ̀, tóò bá fẹsẹ̀ gbà á bó ṣe yẹ kóo gbà á, ó máa sá lọ. Owó lísẹ́ǹsì ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní, EA, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe géèmù FIFA nígbà yẹn, ti ra ẹ̀tọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ kiláàbù, ìdí nìyẹn tí Liverpool fi di Merseyside Red. Àwọn tó ń gbá a ló wá ń fọwọ́ ara wọn tún orúkọ àti jẹ́sì kọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀, ẹ rántí síìdì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì tí wọ́n ti fi àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun sí, títí di òní lẹ máa rí ọmọ tó ń gbá PES lórí fóònù pẹ̀lú PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù gbá géèmù PlayStation kékeré àlàfọwọ́dìmú, tí gbogbo inú géèmù náà ti yí padà. Ẹni tó lè tú inú géèmù Konami palẹ̀ kó tún un tò, ṣé ọ̀lẹ lẹ máa pe ìyẹn ni? Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn tipẹ́, wọn ò tíì sọ fún un pé iṣẹ́ ni.

Òṣogbo ti rí irú ẹ̀ rí, ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyẹn. 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí ẹ̀ di Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, òun àti Ulli Beier tó jẹ́ òyìnbó ọmọ Jámánì, nígbà tó sì di 1964 Georgina Beier ṣe wọ́kṣọ́ọ̀bù tó kó àwọn ọ̀dọ́ tí ò lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan jọ. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná ló ń ṣe nínú ẹgbẹ́ tíátà Ládiípọ̀, òun ló ń tan iná sórí ìtàgé. Twins Seven-Seven, oníjó tó ń tẹ̀ lé àwọn tó ń polówó oògùn kiri ló jẹ́ nígbà tó wọ̀lú. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn padà wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Rípíárà ẹ̀rọ orin ní Osaka, oníṣẹ́ iná ní Òṣogbo, mi ò rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí wọ́n ti lè dánǹkan wò, àwọn kan sì kọ nípa wọn. Kíkọ yẹn ṣe pàtàkì o. Tí kò bá sẹ́ni tó kọ nípa Mbari Mbayo, a ò ní máa dárúkọ wọn lónìí.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa yin kọ́ńpìnnì fún wa o, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Konami yìí kan náà ń ṣe ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ fún kasínò. 2014 wọ́n gbé géèmù kékeré kan tó ń jẹ́ P.T. síta lọ́fẹ̀ẹ́, ìfọwọ́tọ́wò fún géèmù adẹ́rùbani Silent Hill tuntun tí Kojima ń ṣe, nígbà tó di 2015 wọ́n fagi lé Silent Hill yẹn, wọ́n yọ P.T. kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù PlayStation, ẹni tí ò bá ti gbà á tẹ́lẹ̀ kò lè rí i gbà mọ́, Kojima fúnra ẹ̀ sì kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́dún yẹn. 2021 wọ́n pa orúkọ PES rẹ́, wọ́n ní eFootball ló kù, ó jáde ní oṣù September láìtíì jinná, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù rí wúruwùru, Konami fúnra wọn tọrọ àforíjì ní gbangba. Àwọn tó ń gbá a ní Òṣogbo náà rí gbogbo èyí, wọ́n sì bínú, àmọ́ ibo ni wọ́n ti rí i kà lédè tí wọ́n ń sọ?

Ilé tiwa wá ńkọ́? Ní Ifẹ̀ tí ò jìnnà sí wa yìí, ọmọ OAU ni Abiola Olaniran tó dá Gamsole sílẹ̀ lọ́dún 2012, orí Windows Phone ló ń gbé géèmù ẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ni wọ́n gbà á, kí Microsoft tó pa fóònù yẹn tì. Ọdún 2012 yẹn náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ l'Ékòó, àwọn ló ṣe Okada Ride, àwọn ló ṣe Mosquito Smasher téèyàn ti ń pa ẹ̀fọn, nígbà tó sì di 2024 àwọn àti Disney jọ gbé Iwájú: Rising Chef síta, géèmù oúnjẹ sísè tó bá eré kàtúùnù Iwájú jáde. Orúkọ Yorùbá nìyẹn lórí géèmù Disney! Wọ́n tún ní GameUp Africa tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé géèmù Òṣogbo ló ti gbọ́ ọ rí? Godot, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni, Blender tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, iná àti láptọ́ọ̀pù ló kù, àti ẹni tó máa sọ fún wọn.

Torí náà, Olóòtú, ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ sọ géèmù tó jáde, ẹ sọ ẹni tó ṣe é àti bó ṣe ṣe é, ẹ bá àwọn tó ń ṣe é l'Ékòó sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àti iye tó ń wọlé fún wọn, kẹ́ ẹ sì rán akọ̀ròyìn kan wá sí Òṣogbo níbí wá bá àwọn ọmọ tó ń tún PES tò lórí fóònù. Kó má bi wọ́n bóyá wọ́n ń lọ sùkúù, gbogbo èèyàn ló ti bi wọ́n nìyẹn. Kó ní kí wọ́n ṣí fáìlì náà kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n yí padà han òun.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo.